Àwọn Tó Jókòó Ti Aláìsàn: Ìtàn Láti Àrò, Láti Ìlú Ọba, Àti Ohun Tó Kàn Wá Ní Èjìgbò

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ wa ń pín iṣẹ́ ìwé ìrántí yìí, ìtàn ìlú àti ìtàn bí a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn. Àwa tí ọ̀rọ̀ ìkéde wà níkàáwọ́ wa ni wọ́n ní kí á wá ìtàn kan tí yóò wúlò fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ti lé lógójì ọdún, tí irun funfun ti ń yọ lórí òun náà, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ sì ti di ẹni à ń fà lọ́wọ́ dìde. A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a sì mú ìtàn àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé, àti ti àwọn tó dìde láti ṣe ẹgbẹ́ fún wọn. Ẹni tó bá rò pé irú ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ ìwé ayẹyẹ, kó ní sùúrù fún wa.

Iṣẹ́ báǹkì là ń ṣe, nítorí náà ìwé owó la máa ń kọ́kọ́ ṣí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìwé owó ẹgbẹ́ wa láti ọdún mẹ́wàá wá, yóò rí i pé ìnáwó òkú ló gba ojú ewé tó pọ̀ jù. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ẹgbẹ́ tí kò bá sì lè dúró ti ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tó ń sin òbí, ẹgbẹ́ kọ́ nìyẹn. A ra aṣọ, a gbé owó kalẹ̀, a jó, ìlú sì rí wa. Ṣùgbọ́n bàbá tí a sin lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó lè ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kó tó lọ. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin náà? Orúkọ ẹni yẹn kì í sí nínú ìwé ètò ìsìnkú, àfi bó bá jẹ́ ọmọ olóògbé, wọn a sì kọ ọ́ pọ̀ mọ́ orúkọ àwọn tó ti Abidjan àti Lọ́ńdọ̀nù dé lálẹ́ ọjọ́ àìsùn.

Bó ṣe rí nìyí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n tiwa ní Èjìgbò tún le díẹ̀ sí i, kò sì sí ọmọ ìlú tí kò mọ ìdí rẹ̀. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960 ni àwọn bàbá wa ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Treichville tàbí Koumassi. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa gan-an, Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ fi kàwé. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò, ó ń gba Cotonou, Lomé àti Accra kọjá, ó ń já èrò sí Abidjan. Owó ń ti ibẹ̀ wá, a fi ń kọ́lé. Ilé ń dára, ọ̀dọ́ ń lọ, àgbà ń kù sílé. Ẹ wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mélòó kan nínú ìlú, tàbí ní Másífà, tàbí ní Ìfẹ́-Ọ̀dàn, ẹ ó bá yàrá mẹ́jọ, màmá kan, àti ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé òun ló kù sílé.

Ọmọbìnrin yẹn kò ní orúkọ kan pàtó. Ẹni tó ń sin òkú ní orúkọ, olókùú là ń pè é, a sì ń kí i. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ńkọ́? Ìwé a máa pè é ní olùtọ́jú. Nínú ilé, "ẹni tó wà lọ́dọ̀ màmá" ni. Bí wọ́n bá dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì á ké láti ọ̀ọ́kán pé, "Ẹni màmá yìí dà?", òun náà á sì dáhùn. Òun ló ń yí màmá padà lóru kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Òun ló ń pààrọ̀ ìlédìí àgbàlagbà tí gbogbo wa ń pè ní Pampers, tí owó rẹ̀ ń gòkè lóṣooṣù. Òun ni màmá ń bú nígbà tó bá ń ṣarán, tó ń fi ẹ̀sùn kàn pé ó jí owó òun. Àwọn ẹ̀gbọ́n á pe fóònù láti òkèèrè, wọn á ní, "Jẹ́ kí n rí màmá," wọn á wo ojú màmá, wọn á ní màmá ti rù.

Ìtàn tó kọ́kọ́ kọ́ wa bí a ṣe lè wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Abẹ́òkúta ló ti ṣẹlẹ̀. Láti kékeré la ti ń fi Àrò yẹ̀yẹ́ ara wa: ẹni tó bá ṣe ohun tí kò bójú mu, a ní kí wọ́n máa gbé e lọ Àrò. Ó ká wa lára pé èébú ni orúkọ náà dà, nítorí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò ṣe níbẹ̀ wà lára ohun tí àwọn dókítà àgbáyé wá kọ́ lọ́wọ́ Yorùbá.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Lámbò. Wọ́n bí i ní oṣù kẹta 1923, ó kàwé ní Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham. Nígbà tó gba iṣẹ́ ní Àrò ní 1954, ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àtìmọ́lé. Ti Yábà ti wà láti 1907. Ti Lantoro ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi ṣe ibùgbé àwọn aláìsàn ọpọlọ ní 1944. Wọ́n á mú ènìyàn wọ ibẹ̀, ẹbí rẹ̀ á padà sílé, ẹbí mìíràn kì í sì í yọjú mọ́.

Lámbò kò dúró kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn tuntun náà tán. Ó lọ bá àwọn àgbà abúlé mẹ́rin tó wà nítòsí, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé bí ayálégbé. Ṣùgbọ́n ó gbé àdéhùn kan kalẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìbáà ṣe ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyàwó. Ẹbí yìí ni yóò máa se oúnjẹ, òun ni yóò máa fọ aṣọ, òun ni yóò máa sin aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ tí yóò sì mú un padà sílé abúlé. Aláìsàn á gba abẹ́rẹ́ àti oògùn òyìnbó níbẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, á wà láàárín àwọn tó ń roko, tó ń gúnyán, tó ń ta ayò. Lámbò tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ní ọ̀rọ̀ àìsàn inú ọpọlọ lọ́wọ́ ilé àti àdúgbò nínú ju abẹ́rẹ́ nìkan lọ.

Ohun tó wọ̀ wá lójú jù nínú ètò náà, bí oníṣẹ́ owó, ni ibi tí owó gbà. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó kí wọ́n fi yàrá kún ilé wọn. Wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọ abúlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n ń gbógun ti ẹ̀fọn. Gbogbo abúlé ló jèrè, nítorí náà aláìsàn kì í ṣe ẹrù tí wọ́n dì rù wọ́n. Ẹbí tó bá aláìsàn wá náà ń kọ́ ẹ̀kọ́: ó ń rí bí àìsàn náà ṣe ń ṣe, ó ń rí oògùn tó ń ṣiṣẹ́, tó bá padà sí ìlú rẹ̀ kò ní máa bẹ̀rù ẹni tó mú lọ sílé. Ní 1961 àwọn dókítà ọpọlọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Lámbò di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó kọjá sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva, níbi tó ti di igbákejì ọ̀gá àgbà, ó sì jáde láyé ní 2004.

Nínú ìtàn Àrò, ẹni tí ojú wa ń wá kiri ni ìyá tó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá. Lámbò kà á mọ́ àwọn tó ń ṣe ìwòsàn, ó fún un ní yàrá àti iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyẹn kò kéré rárá. Síbẹ̀, oko obìnrin náà wà nílé, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní títì pa, àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù wà lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ètò náà dúró lórí pé ẹbí á rí àyè wá. Iye tí àyè náà ń ná ẹbí, ẹbí ló ń san án. A kò dá Lámbò lẹ́bi. Dókítà ni, aláìsàn ló wá wò. Ẹni tí yóò béèrè nípa ìsọ̀ tí wọ́n tì pa, ó ní láti jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun náà nítorí aláìsàn.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní Ìlú Ọba. Ní 1954 kan náà tí Lámbò bẹ̀rẹ̀ ní Àrò ní ẹni ọdún 31, obìnrin kan tí òun náà jẹ́ ẹni ọdún 31 fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mary Webster ni orúkọ rẹ̀. Àlùfáà ni nínú ìjọ Congregational, ó sì fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀ kó lè tọ́jú bàbá àti ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó. Kò ní ọkọ. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó nígbà náà, bí òbí bá ti di arúgbó, ọmọbìnrin tí kò lọ́kọ ni gbogbo ẹbí ń yíjú sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ́kọ ní ilé tiwọn, àwọn ọkùnrin ní iṣẹ́ tiwọn. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ á wà nílé títí òbí á fi kú. Lọ́jọ́ náà ni yóò tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti lọ, owó ìfẹ̀yìntì tí ì bá gbà lọ́la ti lọ, bí ilé bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n háyà lórúkọ òbí, ilé náà lè lọ. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá lórí Mary Webster. Ní 1963 ó kọ lẹ́tà sí The Times àti àwọn ìwé ìròyìn mìíràn, ó ní bí ẹni tí wọ́n há mọ́lé ni irú àwọn rí. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí kálukú wọn ti rò pé òun nìkan ni. Ní 1965 wọ́n di ẹgbẹ́. Bí a bá fẹ́ pe orúkọ ẹgbẹ́ náà lédè wa, Ìgbìmọ̀ Gbogbogbòò fún Obìnrin Tí Kò Lọ́kọ àti Àwọn Tó Gbẹ́kẹ̀ Lé E ni. Orúkọ náà gùn bí orúkọ ẹgbẹ́ àdúgbò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yá. Ní 1967 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó orí kù fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Ní 1971 owó ìrànwọ́ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn aláìsàn tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn tọ̀sán tòru. Mary Webster kò rí ti èyí. Ó kú ní 1969, ní ẹni ọdún 46.

Nígbà tó di 1976 ni owó ìrànwọ́ fún olùtọ́jú fúnra rẹ̀ dé. Ọkùnrin lè gbà á, obìnrin tí kò lọ́kọ lè gbà á. Obìnrin tó wà nílé ọkọ kò lè gbà á. Ìdí tí ìjọba sọ ni pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ilé náà ni ì bá wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró lórí èyí díẹ̀, torí pé a gbọ́ ohùn ara wa níbẹ̀. Ní Èjìgbò, ìyàwó ló ń tọ́jú ìyá ọkọ. Bó bá ní ó rẹ òun, a ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni, kí ló tún fẹ́ máa ṣe? A gbàgbé pé kí màmá tó ṣubú, ó ń lọ sí ọjà, ó ń dá èsúsú, ó ń san owó ilé ìwé ọmọ kan. Àwa tó wà ní báǹkì a máa rí i nínú ìwé ìfowópamọ́ obìnrin. Owó á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọdún kan á wá dé tí owó kò ní wọlé mọ́, tí wọn á kàn máa yọ títí yóò fi ku ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ bi í, yóò ní, "Ìyá ọkọ mi ni ò yá."

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn náà ní Ìlú Ọba ni Judith Oliver. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ aláàbọ̀ ara, òun ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní 1981 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó pè ní Association of Carers, fún gbogbo olùtọ́jú: ẹni tó lọ́kọ àti ẹni tí kò lọ́kọ, ọkùnrin àti obìnrin, òbí tó ń tọ́jú ọmọ àti ọmọ tó ń tọ́jú òbí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacqueline Drake, abilékọ kan tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀ tó wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì béèrè owó ìrànwọ́ tí wọ́n ní kò tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní Luxembourg. Ní oṣù kẹfà 1986, bí ìdájọ́ ṣe ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìjọba gbà láti yí òfin náà padà. Ìdájọ́ dé, ó sì gbè é lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ Webster àti ẹgbẹ́ Oliver di ọ̀kan ní 1988, àpapọ̀ wọn ló ń jẹ́ Carers UK láti 2001. Ní 1995 òfin kan jáde tó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa wo ipò olùtọ́jú náà, kì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Kí a má sì fi ọ̀bẹ̀ oyin pa ọ̀rọ̀ náà: owó ìrànwọ́ yẹn kò tó nǹkan, ẹni tí yóò sì gbà á gbọ́dọ̀ máa tọ́jú aláìsàn fún ó kéré tán wákàtí 35 lọ́sẹ̀.

A ní ìdí tí a fi gbé ìtàn òyìnbó wọ ìwé ìrántí ọmọ Èjìgbò. Ní oṣù kejì 2022, Ìlú Ọba ṣí ìwé ìrìnnà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú láti òkèèrè, wọ́n sì tì í padà ní oṣù keje 2025. Láàárín àkókò yẹn àwọn ọmọ ilẹ̀ wa rọ́ lọ: tíṣà, akọ̀wé báǹkì, ẹni tó ní digírì méjì. Carer ni wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù. Ọmọ wa ń yí ìyá òyìnbó padà lóru ní Leeds, wọ́n ń sanwó wákàtí fún un, wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé àgbàlagbà láìfọ́ ẹ̀yìn ara ẹni, wọ́n ní kó lọ sinmi nígbà tí aago bá lù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń yí ìyá tiwọn padà lóru kan náà ní Èjìgbò. Iṣẹ́ kan náà ni. Ọ̀kan nínú wọn ni ìlú ń kí pé ó ń gbìyànjú.

Ní Nàìjíríà, àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ kì í ṣe ìjọba ló rán wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyànjú dá àjọ tó ń rí sí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sílẹ̀ ní Èkó ní 1994. Ilé àjọ náà dojú kọ ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹni tó bá ní ọmọ SS mọ̀ pé ìyá ọmọ náà kì í sun oorun kan fi ojú mọ́ nígbà tí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtan Ṣóyannwó, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìmúnisùn fún iṣẹ́ abẹ ló kọ́, bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn. Bí a kò bá lè lé àìsàn lọ, a lè lé ìrora rẹ̀ lọ. Ohun tó rò nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà a máa lọ bá aláìsàn nílé, wọn a sì kọ́ ẹbí bí wọ́n ṣe ń lo oògùn ìrora. UCH Ìbàdàn kan náà ni wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn àwọn arúgbó ní 2012, wọ́n fi Olóyè Tony Anenih tó kọ́ ọ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò ló ti gbé òbí gba ọ̀nà Ìwó débẹ̀.

Ìbàdàn náà ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ kan tó yẹ kí gbogbo ilé tó ní ìyá arúgbó gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọṣúntókun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn arúgbó Ìdíkàn wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 1999, àwọn òyìnbó sì ń yẹ àwọn adúláwọ̀ Indianapolis wò ní Amẹ́ríkà lọ́nà kan náà. Ọṣúntókun kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù sì ń bá a lọ. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, nínú 100 arúgbó tó ti tó ẹni ọdún 65, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Tiwa kéré ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ó wà, àìsàn sì ni. Ìyá tó ń ṣarán, tó ń jáde lóru, tó ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Ọmọ tó ń tọ́jú irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń ru ẹrù méjì, ti àìsàn àti ti ẹnu ará àdúgbò.

Àwọn tí ìtàn wọn sún mọ́ ti Mary Webster jù ni Femi Gbádébọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ Àlàbá. Ọ̀gá ni Gbádébọ̀ nínú iṣẹ́ ológun òfurufú kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan tó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní cerebral palsy, èyí tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ darí ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ahọ́n bó ṣe yẹ. Ní 2013 wọ́n dá àjọ Benola sílẹ̀ ní Èkó láti la ará ìlú lọ́yẹ̀ àti láti dúró ti àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jọ wá lójú ni pé ọkùnrin, tó tún jẹ́ ọ̀gá ológun, ló jáde síta pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ láti sọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí irú ọmọ yìí bá wà, ìyá nìkan ni ẹ ó bá. Bàbá ti lọ, tàbí kó wà níbẹ̀ kó máa wo ìyá ọmọ bí ẹni tó gbé wàhálà wọlé.

Bí a bá wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí láti Àrò dé Èkó, ohun kan wà tí wọ́n jọ ṣe: wọn kò fi ẹni tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn sílẹ̀ lóun nìkan. Ilẹ̀ wa ní ọgbọ́n yìí tẹ́lẹ̀. Àwọn bàbá wa kì í jẹ́ kí ọkùnrin kan dá oko ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Wọ́n ń ṣe àró: òní tèmi, ọ̀la tìrẹ, títí yóò fi kárí. Wọ́n ń bẹ ọ̀wẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé, wọ́n á se oúnjẹ, ẹgbẹ́ á wá. Owó, wọ́n fi èsúsú ràn án. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà ló ń ṣe gbogbo èyí, kí ó tó di pé aṣọ ẹbí àti ìpàdé oṣù nìkan ló kù sí wa lọ́wọ́. Kò sí ìdí tí a kò fi lè ṣe àró ti ẹni tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn. Bí ènìyàn mẹ́rin nínú ẹgbẹ́, tàbí ìyàwó wọn, tàbí ọkọ wọn, bá gba ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan lóṣù, ẹni tó wà lọ́dọ̀ màmá á rí ọjà dé, á rí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ìsìn àsàlátù dé, á sun oorun ọ̀sán kan.

Àwọn kan á ní a kì í gbé àlejò wọ yàrá òbí ẹni, pé àṣírí ilé ni. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú ẹgbẹ́ tó lè rí òkú bàbá ẹni nínú pósí kò jẹ́ àlejò sí bàbá náà láàyè. Ẹni tí ojú bá ṣì ń tì, owó ni kí ẹgbẹ́ fi ràn án: owó ìlédìí, owó oògùn ìfúnpá, owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó jẹ́ ti iṣẹ́ wa. Ẹ tètè mú òbí yín wá sí báǹkì nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń gbé wọn. Bí arúgbó bá ti dùbúlẹ̀ kó tó gba BVN, tàbí kí ó tó yan ẹni tó lè máa bá a fọwọ́ sí ìwé, owó tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ lè wà níbẹ̀ kí oògùn rẹ̀ sì di gbèsè. A mọ ilé kan ní àgbègbè yìí tí wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé bàbá tí rọpárọsẹ̀ mú dé ẹnu ọ̀nà báǹkì kan, tí wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá fọwọ́ tẹ ẹ̀rọ nínú ilé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló pọ̀n ọ́n wọlé. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ màmá tàbí bàbá gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìwé wà, kí àwọn ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun sì gbà kó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a fi ara òbí wa lé lọ́wọ́, kí ló dé tí a ń fi ìwé owó pamọ́ fún?

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ yóò gbé àbá náà síwájú ẹgbẹ́: kí á ya ìdá kan nínú owó ìnáwó òkú sọ́tọ̀ fún àwọn òbí tó wà láàyè lórí ìdùbúlẹ̀, kí á sì pín ẹgbẹ́ sí àdúgbò fún àró ọjọ́ Sátidé. A mọ̀ pé àríyànjiyàn á wà lórí ìdá tó yẹ. Fọ́ọ̀mù ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Àyè orúkọ méjì ló wà lórí rẹ̀: ti ẹni tó ń ṣàìsàn, àti ti ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.